Ẹranko Tuntun Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Lórúkọ Ní Òkè-Osùn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹranko tí ojú kò rí rí, omi là á kọ́kọ́ bù sí i lórí ká tó sọ ọ́ lórúkọ? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀pọ̀lọ́ kan lókè òkun tí kò tó èékánná, pé wọ́n rí ẹja kan nísàlẹ̀ òkun tó gbé àtùpà tirẹ̀ sórí, ẹ ó sì máa pariwo "Háà!" Ṣùgbọ́n ẹ kò bi ara yín pé kí ló dé tí àwọn tó ń wá ẹranko wọ̀nyí fi ń yẹ̀ wọ́n wò fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Osùn ni wọ́n ń sá fún.

Ọdẹ kan wà ní Òkè-Osùn láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Ọdẹ́níran. Ọdẹ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ àwọn ẹran ìgbẹ́ kò mọ̀ pé ọdẹ ni. Ọ̀yà a máa kọjá níwájú rẹ̀, á tún dúró wò ó. Àwẹ̀ró ni Ọdẹ́níran fẹ́ fi ṣaya, Àwẹ̀ró náà sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ìyá ọmọ ni ìṣòro wọn. Opó ni ìyá yìí, osùn ló ń lọ̀ tà, Ìyá Olósùn ni gbogbo ìlú ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Ọdẹ́níran," ló wí, "ọmọ mi kò ní máa jẹ ẹ̀fọ́ lásán nílé ọdẹ. Wọ inú igbó lọ, kí o fi ọwọ́ ara rẹ mú ẹran kan wálé, ìbáà ṣe eku. Bí oṣù yìí bá parí tí n kò rí ẹran, n ó fi Àwẹ̀ró fún alágbẹ̀dẹ."

"Mo gbọ́, Ìyá," ni Ọdẹ́níran dáhùn. Ó gbé ìbọn, omijé lé ròrò sí i lójú, ó wọ igbó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Ajíjẹ, òbúkọ Ìyá Olósùn, já okùn. Ajíjẹ yìí, kò sí ohun tí kì í jẹ. Ó kọ́kọ́ ki ẹnu bọ ọrùn akèrègbè kan tí wọ́n rọ ògì sí, ẹnu kò yọ mọ́. Ó ń gbá a mọ́ ògiri títí akèrègbè fi fọ́, ọrùn rẹ̀ nìkan ló kù tó há òbúkọ lẹ́nu gbọingbọin, ó nà síwájú bí àgógó ẹyẹ. Ẹ̀rù bà á, ó sáré, ó já sínú ọpọ́n ńlá tí Ìyá Olósùn po osùn sí, ó yí gbiri níbẹ̀, ó pọ́n láti orí dé ìrù. Ó tún sáré dé ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, níbi tí wọ́n ti ń tu ìyẹ́ ẹtù, ó ṣubú sáàárín ìyẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí Ajíjẹ fi máa dé inú igbó, ìyá tó bí i kò lè dá a mọ̀.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́níran ti pàdé rẹ̀. Ohun pupa kan, ó níwo, ó níyẹ̀ẹ́, ó ní àgógó! Nígbà tó sì fẹ́ ké, ohùn gba inú akèrègbè jáde bí ẹni ń fun fèrè: "Húùùù!" Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kúulé o, Bàbá," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ilé yín nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ni mò ń wá, kì í ṣe ìjà."

Iṣu sísun tó wà nínú àpò ọdẹ ni Ajíjẹ ń wò ní tirẹ̀. Ọdẹ́níran dìde, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sílé, Ajíjẹ ń tọ òórùn iṣu lẹ́yìn. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe wọ ìlú.

Ìlú dàrú! Wọ́n mú ẹranko lọ sí ààfin. Olúọ́dẹ, olórí àwọn ọdẹ, ní ẹyẹ ni nítorí ìyẹ́. Ìyálóde ní ẹyẹ wo ló ní pátákò? Wọ́n jiyàn títí ọbẹ̀ ààfin fi jóná. Inú àgógó yẹn ni wọ́n ń da ògì sí fún un, kò sí ẹni tó dá a láṣà láti fa àgógó náà, àbí ta ni í fa àlejò nímú? Àwọn ará ìlú mìíràn ń rọ́ wá wòran, àwọn ará Òkè-Osùn sì ń yan fanda.

"Kò sí irú ẹranko yìí ní ìlú kankan láyé," ni Kábíyèsí wí. "Ọmọ tuntun ló dé bá wa. Ní ọjọ́ kẹjọ, a ó sọ ọ́ lórúkọ bí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tèmi gan-an ni yóò máa jẹ́. Ọjọ́ náà ni Ọdẹ́níran yóò sì gbéyàwó."

Inú Ọdẹ́níran dùn, kò lè sùn. Ìyá Olósùn nìkan ló ń sunkún, tó ń wá Ajíjẹ kiri.

"Ó dára, o ti mú ẹran wálé," ló sọ fún Ọdẹ́níran. "Ṣùgbọ́n àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ohun tí o mú wá yìí ló pa òbúkọ mi jẹ. Wo ojú rẹ̀. Ojú olè ni."

Ọjọ́ pé. Oyin, iyọ̀, ataare àti orógbó wà nílẹ̀. Àwẹ̀ró ti múra ìyàwó. Ẹ ṣáà mọ àṣà àwọn baba wa: a ó gbé ọmọ sábẹ́ òrùlé, a ó da omi sórí òrùlé kó lè ṣàn sí i lára, bó bá ti ké, a mọ̀ pé ó wá dúró nìyẹn. Ìyá Olósùn ni wọ́n ní kó di ẹranko mú, nítorí àna rẹ̀ ló mú ọmọ wá, òun ni ìyá àgbà ọmọ. Olúọ́dẹ da igbá omi kan sókè. Omi ń kán tó, tó, tó. Ẹranko kò ké.

"Kò ké o!" ni Ìyálóde wí.

"Ẹ dà á sí i!" ni Kábíyèsí pàṣẹ. "Ẹni tó máa jẹ́ orúkọ mi kò gbọdọ̀ yadi."

Wọ́n da odidi ìkòkò kan. Omi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. "Yéè, ó ń ṣẹ̀jẹ̀!" ni àwọn èèyàn ké. "Ẹ da omi sí i, kó lè tutù!" Wọ́n tún da ìkòkò mìíràn. Ìyẹ́ ń já bọ́. Ẹranko já gbà mọ́ Ìyá Olósùn lọ́wọ́, ó forí sọ òpó ààfin, àgógó là sí méjì, ó wá ké bí gbogbo ìlú ṣe ń fẹ́:

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Kábíyèsí tó ti la ẹnu láti pe orúkọ ara rẹ̀ yára pa ẹnu dé.

"Ajíjẹ mi!" Ìyá Olósùn dì mọ́ òbúkọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ọdẹ́níran ti ń yọ́ lọ. Àwẹ̀ró gbá a láṣọ mú, ó ní kò ní lọ síbì kankan. Olúọ́dẹ ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú, nítorí ó dójú ti gbogbo ọdẹ. Kábíyèsí kọjú sí Ìyá Olósùn.

"Ìwọ lo ni òbúkọ, ìwọ lo ni Àwẹ̀ró. Kí lo wí sí i?"

Ìyá Olósùn kúnlẹ̀. "Kádé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ká ní ọdẹ tó mọ ìbọn í yìn ló rí Ajíjẹ nínú igbó, ọbẹ̀ ni ì bá ti dà. Mo ní kó mú ẹran wálé, ó mú un wálé láàyè, ẹran tèmi sì ni. Mo ti fún un lọ́mọ mi. Kó ṣáà má wọ igbó mọ́, kó wá máa bá mi lọ osùn."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí adé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ìsọmọlórúkọ di ìgbéyàwó lójú ẹsẹ̀, wọ́n jó, wọ́n yọ̀, Ajíjẹ sì jẹ gbogbo orógbó tó wà nílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú àjèjì ẹran wọ ààfin, Kábíyèsí kì í béèrè ibi tó ti rí i. Omi ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ọba tó kù díẹ̀ kí òun àti òbúkọ máa jẹ́ orúkọ kan náà, ṣé ẹ fẹ́ dá a lẹ́bi? Ẹ̀yin náà, ẹ má kánjú: ẹranko tí ojú kò rí rí, omi là á kọ́kọ́ bù sí i lórí ká tó sọ ọ́ lórúkọ.