Ìjókòó Ọ̀gá Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Gbọ̀ngàn kẹfà tí akọ̀wé yóò wò láàárín ọjọ́ méjì nìyí. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣèèṣì fi ọ̀gá kan sẹ́yìn òpó. Ìwé ẹ̀sùn tí ọ̀gá náà kọ gùn ju ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn lọ, ni wọ́n bá fi akọ̀wé sí yàrá fáìlì lábẹ́ àtẹ̀gùn fún oṣù mẹ́ta, òun àti eku. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bí ọ̀gá kankan bá tún ráhùn lọ́tẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni yóò ti fẹ̀yìn tì. Bàbá tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèrèsé yangàn.

"Atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa níbí," ni bàbá wí. "Ọgbọ̀n àga, kò sí èyí tó ń mì. Ibi yòówù kéèyàn jókòó sí, á rí olùkọ́."

Akọ̀wé ò wo fèrèsé. Orí pèpéle ló ń wò. "Tábìlì iwájú yẹn, èèyàn mélòó ló ń gbà?"

"Méje. Bí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀, mẹ́jọ."

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fẹ́, bàbá."

Bàbá tún fojú ka àwọn àga méje náà, bóyá wọ́n ti bímọ. "Ṣebí èèyàn ọgbọ̀n péré lo ní ó ń bọ̀?"

"Ọgbọ̀n ni. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn jẹ́ ọ̀gá. Ọ̀gá kì í sì í jókòó nísàlẹ̀."

Akọ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé e, nítorí ó gbà pé ẹni tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn ò lè mọ ètò ilé iṣẹ́ ńlá. Ọ̀gá àgbà wà, igbákejì rẹ̀ wà, igbákejì igbákejì náà wà. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ wà, ọ̀gá tó ń bójú tó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì wà lọ́tọ̀. Àwọn méjì kan tiẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni ò rántí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe mọ́, àmọ́ oyè wọn ṣì wà lára ilẹ̀kùn.

"Ọba méjì kì í gbé ààfin kan," ni bàbá wí, "ìwọ wá ń kó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bọ̀ wá bá mi. Àwọn mẹ́rin tó kù ńkọ́?"

"Awakọ̀, ẹni tó ń pín omi, ayafọ́tò, àti èmi."

"Ó dáa. Ẹ̀yin mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́."

"Rárá o, bàbá. Àwọn ọ̀gá ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn?"

Akọ̀wé ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó kà á bó ṣe wà níbẹ̀: "Bí ọ̀gá ṣe lè máa fetí sí ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sì ronú díẹ̀. "Ká to àga yí po, ọmọ mi. Kò ní sí iwájú, kò ní sí ẹ̀yìn."

"A ti ṣe é rí. Ibi tí ọ̀gá àgbà jókòó sí ló di iwájú. Gbogbo wọn wá ń fa àga sún mọ́ ọn, títí wọ́n fi kó ara wọn jọ sí igun kan bí àgùntàn tí òjò ká mọ́ta."

"Ká kúkú kó gbogbo wọn sórí pèpéle nígbà náà. Akọrin ogójì fò sókè lórí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò ró kẹ̀ẹ́."

"Olùkọ́ ńkọ́?"

"Kó dúró nísàlẹ̀, kó máa wo òkè bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀."

Inú akọ̀wé dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ bàbá. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọ̀gá àgbà. Ohùn tirẹ̀ nìkan ni bàbá ń gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Orí pèpéle ni gbogbo wọn, sà. Bákan náà, sà." Ó tẹ fóònù mọ́ etí. "Bákan náà pẹ̀lú yín, sà." Ojú rẹ̀ bá fà ro. Ó fọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Wọ́n ní bí gbogbo ayé bá wà lórí pèpéle, ibo ni àwọn fúnra àwọn máa wà?"

"Orí pèpéle náà ni."

"Ohun tó ń bí wọn nínú nìyẹn. Wọ́n ń fẹ́ ibi tó ga ju pèpéle lọ."

Bàbá gbójú sókè, ó nàka sí ògiri ẹ̀yìn. Yàrá kékeré kan wà lókè níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tan iná pèpéle, àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún. Gíláàsì ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá wọbẹ̀ ń wo àtàrí gbogbo èèyàn.

"Àmọ́ n kò ní purọ́ fún ọ," ni bàbá wí. "Tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò ní dé etí wọn."

Akọ̀wé padà sídìí fóònù, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá, látorí àkàbà títí dórí gíláàsì. Ó tẹ́tí, ó mi orí, ó sì mí kanlẹ̀. Ní tòótọ́, ó dà bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

"Wọ́n ti gbà á, bàbá. Ẹ bá wa nu gíláàsì náà."

"Ṣé o sọ fún wọn pé wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́," ni akọ̀wé wí, ó ń ti fóònù bọ àpò. "Wọn ò gbọ́."