Ẹ́ńjìnì Tí Mo Fi Etí Rà ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ tí mo ń fi ọ̀wọ̀ bẹ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ lẹ́bàá afárá Ìtòìkín, tí ìyá mi sì jókòó sẹ́yìn mi tó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ bàbá mi ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí bàbá ti kú, ọkọ̀ náà ò sì kúrò níbi tí wọ́n páàkì ẹ̀ sí nílé wa ní Ìkòròdú. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ ẹ̀. Ìyá mi ní ó ti sú òun láti máa rí i láràárọ̀. Ó ní tí mi ò bá fi gbé òun dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ẹ̀pẹ́ kí oṣù tó parí, òun á pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e. Ìyá mi kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun kan ṣoṣo tó kù tó jẹ́ ti bàbá mi tí mo ṣì lè fọwọ́ kàn nìyẹn.

Ọ̀gá Wàsíù, mẹkáníìkì àdúgbò wa, yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó ní kí n lọ wá irú ẹ́ńjìnì kékeré tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Irú ẹ̀ ṣì wà. A ò ní gé irin, a ò ní jó irin. Á kàn jókòó síbi tí èyí àtijọ́ jókòó sí ni.”

Ẹni tórí ẹ̀ pé á ti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo fídíò lórí fóònù, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Méjì ni wọ́n gbé síwájú mi níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnì àlòkù ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ mọ̀ pé a kì í ra ẹ́ńjìnì láìgbọ́ ohùn ẹ̀. Wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á so bátìrì mọ́ ọn, wọ́n á tan án kẹ́ ẹ gbọ́. Kékeré yẹn ń ṣe tẹ-tẹ-tẹ bíi ẹ̀rọ ìránṣọ. Èkejì tóbi, sílíńdà mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tan án, ó kùn, ó rọra, ó jinlẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń tún ọ̀fun ṣe kó tó sọ̀rọ̀. Irun ara mi dìde. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n so mọ́ ọn lára, ó sì ń rùn bíi lọ́fínńdà. Mi ò béèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ọkùnrin tó ń tà á náà ò sọ. Ó kàn ní, “Ọ̀gá, ẹ́ńjìnì yìí ò sáré rí láyé ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń rìn.”

Ọ̀gá Wàsíù wò ó, ó wò mí, kò bá mi jiyàn. Ó gé irin, ó jó irin. Ó ní redietọ̀ wa, tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù, kéré sí i, kò sì sí ààyè fún èyí tó tóbi. Mo ní kó so fáànù oníná méjì mọ́ ọn, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fídíò nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e délé, mo pa á, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo wọlé lọ kírun Mọ̀gàríbì. Bí mo ṣe sálámà tí ìrun parí, mo gbọ́ tí nǹkan ń mí lóde. Ó ń mí gùn, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń mí. Mo jáde. Àwọn adìyẹ ti kó kúrò lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n tò sí ìdí ògiri, wọ́n ń wò ó. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná bí iwájú orí ẹni tí ibà ń ṣe. Ìyá mi yọjú lójú fèrèsé.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Mi ò tíì la ẹnu mi rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e jáde láti dán an wò. Mo kọjá Ìmọ̀tà wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ọkọ̀ tó ń kó ìrẹsì ń yà fún mi, orí mi ń wú. Kùrukùru bo ọ̀nà. Ó ku díẹ̀ kí n gun afárá Ìtòìkín, ẹ́ńjìnì náà kú. Kò ta, kò gbọ̀n, ó kàn dákẹ́. Mi ò rí odò, mo kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó tan bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́rú, mo tún lọ. Ibẹ̀ náà ló tún kú sí, kò lé ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, mo sọ ibi tó ń kú sí.

Ó ní, “Afárá Ìtòìkín? Kò tíì gbàgbé nìyẹn.”

“Kí ni ò tíì gbàgbé?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Inú ọkọ̀ tó ń gbé òkú bọ̀ wálé láti Èkó la ti yọ ọ́. Awakọ̀ ẹ̀ máa ń dúró níbẹ̀, á sọ fún òkú pé àwọn fẹ́ sọdá odò, kó má baà ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà, ẹ máa sọ fún un.” Ó gé fóònù.

Èmi tí mo kàwé, tí mò ń wọ báàsì òṣìṣẹ́ lọ sí Ìkòyí láràárọ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, kí n wá máa bá ẹ́ńjìnì sọ̀rọ̀! Mi ò lè sọ fún Ọ̀gá Wàsíù. Ọjọ́ tí ìyá mi dá sì ti pé.

Ní Sátidé, a gbéra lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìyá mi jókòó sẹ́yìn, a sì kọjá Ìmọ̀tà. Kùrukùru tún wà. Ẹ ti mọ ibi tó kú sí.

“Ó ti parí,” ìyá mi wí. Ó ń wá nọ́ńbà àwọn onírin lórí fóònù ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì rọra ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ti dé odò. A fẹ́ sọdá báyìí. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ìyá mi gbé fóònù sílẹ̀.

“Ṣé wọ́n wà níbí?”

Bàbá mi ló ní lọ́kàn. Ìyá mi sún mọ́ iwájú, ohùn ẹ̀ ti yí padà.

“Bàbá Kúdí. Búrẹ́dì lẹ ní ẹ fẹ́ lọ rà. Ọsibítù ni wọ́n ti pè mí. Ẹ ò kí mi pé ó dìgbà. Inú ń bí mi sí yín látọjọ́ náà, mi ò fẹ́ rí ọkọ̀ yín sójú mọ́. Ẹ tún wá mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù dání lọ. Àáké la fi là á.”

Ó sọ ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó sọ ti ẹ̀gbọ́n mi Kúdí tó ti bímọ, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ò lè bojú wẹ̀yìn, torí mi ò mọ iye èèyàn tí màá bá níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú ẹ̀. “Tan án.” Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì náà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ròyìn bó ṣe ń kú àti bó ṣe ń mí fún Ọ̀gá Wàsíù. Ó fi ọwọ́ kan redietọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ohun kan wà lára ẹ́ńjìnì yẹn tó máa ń pa á tí ooru bá pọ̀ jù, àtilé wa dé afárá sì ni redietọ̀ kékeré yẹn lè gbà mọ́ra. Ogún ìṣẹ́jú ló fi ń tutù. Fáànù oníná yẹn, tó ṣì ń yí lẹ́yìn tí mo bá pa ọkọ̀, ló ń mí lóde. “Jẹ́ ká yọ ọ́, ká fi kékeré tí mo sọ síbẹ̀.” Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọn.

Ìyá mi gbọ́. Ó wá bá wa ní ìsọ̀ tòun ti ìbòrí lórí. “Ọ̀gá Wàsíù, ọkọ mi lẹ fẹ́ yọ dànù yẹn?” Mẹkáníìkì wò mí, mo wo ilẹ̀. Ṣé kí n sọ fún un pé òkú olókùú ló ń bá sọ̀rọ̀? Mi ò sọ. Mi ò tíì sọ títí dòní.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ gbọ́ ti mẹkáníìkì yín, kẹ́ ẹ sì béèrè iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ti ṣe rí kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn ẹ̀. Ní tèmi, a ò yọ ọ́. Sátidé tó kọjá, òjò rọ̀, ojú ọjọ́ tutù, ọkọ̀ náà ò kú. Mo ti fẹ́ gun afárá, inú mi ti ń dùn, ìyá mi bá fọwọ́ tọ́ mi léjìká. “Dúró níbí. Pa á.” Mo pa á. Mo bọ́ sílẹ̀ kí n fún àwọn méjèèjì láyè láti sọ̀rọ̀, mo dúró sétí ọ̀nà nínú òjò, mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.