Ìkéde Okùn Márùn-ún, Nítorí Ìgbéyàwó Ìbíwùmí

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Etídò, tọmọdé tàgbà, ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ lódò, ẹ gbé ọṣẹ sílẹ̀! Bàbá Oyèwùsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí! Kábíyèsí ló ránṣẹ́!

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tójú Ìbíwùmí ti rí. Láníyọnu, ará Ìkọjá lódìkejì odò, ló ń fẹ́ ẹ. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ni ilé ọkọ fi ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ fún wa: ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Nígbà àkọ́kọ́, ìlẹ̀kẹ̀ méjì já sódò. A sebẹ̀, a dúró títí ọbẹ̀ fi kan! Nígbà kejì, ìlẹ̀kẹ̀ ẹlòmíì lọ́ mọ́ ọn. Àwọn àna dé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n bá Ìbíwùmí nídìí gaàrí, èéfín lójú, èérún nírun! Ìyá Láníyọnu wá búra: bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kí ọmọ òun fẹ́ aya ní Ìkọjá nílé.

 Ìbíwùmí jókòó sétí odò, ó ń fi igi kọ nọ́ńbà sínú yanrìn, títí ó fi rí ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n náà ti di òfin, ilé ọkọ náà sì ti gbà á!

Àṣẹ kìíní! Kò sí okùn kan ṣoṣo mọ́! Okùn márùn-ún! Mo ní okùn márùn-ún! Awakọ̀ márùn-ún! Okùn kìíní yóò sọ ọjọ́ tó kù. Láti orí okùn kan sí èkejì, iye kan náà ni kí ilé ọkọ máa fi kún un. Iye náà ni iye ọkọ̀ àlejò.

Àṣẹ kejì! Ẹni tó bá kà dé èje, kó pa dà sí òfo, kí ẹ̀jọ di ení! Kábíyèsí fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀fà, nítorí ẹṣin wọn mẹ́fà ni. Ìbíwùmí kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n wò ó: ẹni tó bá ń fi ẹ̀ta rìn nínú ẹ̀fà, òfo, ẹ̀ta, òfo, ẹ̀ta, ojú kan náà ló ń yí sí. Nínú èje, kò sí ìrìn tó ń há bẹ́ẹ̀. Kábíyèsí ní ó dáa, àwọn á ra ẹṣin kan sí i.

Àṣẹ kẹta! Bí okùn kan bá ṣìnà, ẹ gba mẹ́rin yòókù gbọ́! Bí méjì bá ṣìnà, ẹ pa iná ọbẹ̀, kí a ránṣẹ́ mìíràn! Awakọ̀ tó bá bá okùn mẹ́rin jiyàn yóò ka gbogbo yanrìn etí odò. Lẹ́ẹ̀mejì! Nítorí ó lè ṣì í kà!

Ó dáa. Láàárọ̀ yìí, okùn márùn-ún dé. Ẹ kà á! Ẹ̀ta! Èjì! Ẹ̀rin! Ẹ̀fà! Ení! Àwọn obìnrin ilé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù, wọ́n tún jókòó. Ìbíwùmí nìkan ló dìde. Èjì sí ẹ̀rin, èjì ló fi kún un. Ẹ̀rin sí ẹ̀fà, èjì. Ẹ̀fà sí ení, nígbà tí èje ń pa dà sí òfo, èjì náà ni. Ẹ̀ta wo ló wá wà níwájú èjì? Òfo ló yẹ kó wà níbẹ̀!

Ṣiyanbọ́lá awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ gbé okùn kìíní wá, ẹ má sá sẹ́yìn ìyàwó yín! Ó ti jẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní okùn òfìfo, ojú wá tì í láti bá àna pàdé lọ́wọ́ òfo, ló bá fi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ buyì kún un! A dúpẹ́ o, ọmọlúàbí. Yanrìn ń dúró dè yín.

Ẹ gbọ́ o! Òfo ni! Òní ni! Ọkọ̀ méjì ti yọ lójú odò, ìyá Láníyọnu ló jókòó síwájú! Ìbíwùmí ti wẹ̀, ó ti dirun, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dáná! Ẹ gbálẹ̀! Kí ẹnikẹ́ni má mẹ́nu kan gaàrí!

Ọ̀rọ̀ ọba nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ tán. Èmi ń lọ bá wọn so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ o!