Ìṣirò Ìfẹ́ Mo-ti-Mọ̀-Ọ́n

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti akọ̀wé ilé búrẹ́dì wa fún yín, ẹni tí a ń pè ní Mo-ti-Mọ̀-Ọ́n. Àìsàn rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Tirẹ̀, orí ti ń mì, ẹsẹ̀ ò tíì gbéra!

Ọ̀gá rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní sìtàtísíìkì. Olùkọ́ ní apá méjì ló ní. Èkíní, kí o ka ohun tó wà níwájú rẹ, kí o sọ bó ṣe rí. Èkejì, kí o fi díẹ̀ tí o kà mọ púpọ̀ tí o ò kà. "Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èkejì yìí..."

"Mo ti mọ̀ ọ́n!" Ó ti gbé báàgì, ó dilé.

Ọmọbìnrin tó ń po ìyẹ̀fun níbi iṣẹ́ wa wù ú débi pé kì í sùn. Dípò kó bi í, ó yọ́ lọ sílé wọn nígbà tí ọmọbìnrin náà kò sí nílé, tòun ti búrẹ́dì gbígbóná.

"Ṣé ọmọ yín á fẹ́ mi, mà?"

Ìyá ọmọ gé búrẹ́dì sẹ́nu. "Á fẹ́ ọ!"

Àǹtí rẹ̀ ní, "Kíá!"

Ìyá àgbà ní, "Mú òmíràn wá, ọmọ mi. Ó ti fẹ́ ọ tán!"

Nígbà tó sọ fún mi nídìí ààrò, mo ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé o bi ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀?"

"Díẹ̀ la fi ń mọ púpọ̀. Ìwọ ò lè mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kóòtù dúdú, ó pe gbogbo wa jọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà. Inú ìyẹ̀fun ló kúnlẹ̀ sí! Kóòtù dúdú di funfun.

"Ìfẹ́ mi, ìgbà wo ni ìgbéyàwó wa?"

"Ìgbéyàwó ta ni?"

"Tiwa! Gbogbo ẹni tí mo bi nílé yín ló gbà."

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń bi wọ́n?"

Ó wolẹ̀. "Búrẹ́dì."

Yéè! A fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín pa ara wa.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ kà, òótọ́ ni: gbogbo ẹni tó jẹ búrẹ́dì yín ló fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ẹ wá fi tiwọn mọ tèmi, èmi tí mi ò jẹ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ o."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, torí omi ti lé sí i lójú. Ibi tó ti ń gbọn ìyẹ̀fun nù ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti wọlé.

"Akọ̀wé, ìyá àgbà kan wà níta pẹ̀lú àpótí aṣọ. Ó ní tí ọmọ àwọn bá kọ̀, òun ò kọ̀ o. Ó ní ṣé búrẹ́dì ṣì wà?"