Kọ̀ńdọ́ Kì Í Wọ Ọkọ̀ Tó Dúró

Èrò pọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ náà bí ẹni pé gbogbo ayé ń kó lọ síbòmíràn.

Ìsinmi ọdún ti dé, kálukú fẹ́ lọ rí ẹbí. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ara èèyàn wò, ìlà dúró sójú kan. Ó gùn, ó yípo, ó ká bí ejò, débi pé obìnrin kan tó rò pé òun ti fẹ́ dé iwájú ṣàdédé rí i pé ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lòun ń tò láti àárọ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ akérò ni, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń so mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó-Ku-Ẹnìkan ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í kún. Ẹ ó ti jókòó lé ara yín lórí, orúnkún ẹlòmíràn á ti wà létí yín, òun á ṣì máa pariwo pé ó ku ẹnì kan.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì, nílùú tó jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣíwájú lọ. Kó tó lọ, ó fọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ léjìká, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ọjọ́ tí òun bí ọmọ náà, ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló wà. Ọjọ́ tí ọmọ jáde ìwé, ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló wà. Bí kò bá sí níbi ìgbéyàwó yìí, èmi àbúrò rẹ̀ ni yóò fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi sì wá ibòmíràn tí yóò máa sùn.

Ìyàwó ẹni tó bá ń pariwo, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tó bá ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni kí ẹ sá fún.

Bàálù tiwa ló kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Bó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Màdáámù kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ààbò. Ó ti pariwo títí ohùn rẹ̀ há. Bọ́ bàtà. Bọ́ bẹ́líìtì. Kó ohun tó wà lápò jáde. Ẹni tó bọ́ bàtà gbàgbé bẹ́líìtì, ẹni tó rántí bẹ́líìtì gbàgbé kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ ń ké píìì, píìì, wọ́n ń dá wọn padà. Ó kan bàbá kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ti bọ́ bẹ́líìtì bí wọ́n ṣe wí, ó fọwọ́ di ṣòkòtò rẹ̀ mú dáadáa. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ó gbé e sókè.

Ṣòkòtò gba ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín ń pa mí! Àmọ́ ta ni yóò rẹ́rìn-ín níwájú Màdáámù yẹn?

Bọ̀dá kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgò omi ńlá. Wọ́n ní omi kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó ní òun kò ní í da omi òun nù. Ó gbé ìgò sẹ́nu, gbọ̀nkọ́, gbọ̀nkọ́, gbọ̀nkọ́, ó mu ún tán pátápátá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan lọ́ mọ́ ìkejì. Wọ́n ní bó bá kúrò lórí ìlà, ẹ̀yìn ni yóò padà sí.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó bi mí pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kó èrò. Mo rí i pé ọwọ́ ti ń yún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èrò làwa náà lónìí."

Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dé iwájú.

Ó fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà onírin tó máa ń ké yẹn, ó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, ó ń fì í, ó sì lanu.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ wọlé! Bàtà lọ́wọ́, bẹ́líìtì lọ́rùn! Màmá, ẹ sún síwájú, ẹ má wojú mi. Bọ̀dá olómi, ẹ yára, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú! Ó ku ẹnì kan!"

Ó ku ẹnì kan, ìlà ṣì gùn dé ìta.

Màdáámù bínú, ó fẹ́ wá di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Ìlà ń rìn! Fíì, fíì, fíì, èrò ń kọjá, kò sẹ́ni tí ẹ̀rọ ké mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sápò, ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ọ bó ṣe ń dún kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Màdáámù wá àga kan, ó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà.

Nígbà tó kàn mí, ẹ̀gbọ́n mi tì mí léjìká pé kí n wọlé, kí n má dí òun lọ́nà. Mo kọjá, mo gbé báàgì mi, mo dúró dè é lódì kejì.

Mo dúró títí.

Gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ látòkè. Wọ́n ní bàálù wa ti fẹ́ gbéra, èrò kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wí i, ẹlòmíràn kò bá a wí i rí. Ó na ìka sókè.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ó ku ẹnì kan! Ta ni? Ta ló ń fi àsìkò àwọn èèyàn ṣòfò?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá Màdáámù, ó ṣàlàyé fún un pé òun náà fẹ́ wọ bàálù. Màdáámù la ojú sílẹ̀. Ó ní òun rò pé àwọn ọ̀gá òkè ló rán an wá bá òun ṣiṣẹ́ ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ má dúró tì mí mọ́, ẹ yára kọjá."

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ dúró. Kì!

Ó padà sẹ́yìn, ó sáré wá. Kì! Ó tún dúró.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àbúrò mi, nǹkan yìí kò rìn. Èrò ṣì wà nílẹ̀. Kọ̀ńdọ́ kì í wọ ọkọ̀ tó dúró."

Mo ní ọkọ̀ kọ́, ilẹ̀kùn ni. Ó ní òun mọ̀, ẹsẹ̀ òun ni kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ ààbò méjì tì í lẹ́yìn. Ó le gírígírí bí òpó iná. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, òógùn ń ṣàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń bẹ àna. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ló ń ṣègbéyàwó." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Àfi bí àwọn èrò tuntun tún ṣe ya dé, tí ẹ̀gbọ́n mi yí sí wọn tòun ti omi lójú pé, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, bàtà lọ́wọ́."

Kò ní í wọlé kí èrò tó tán. Èrò ọdún, ta ló sì lè rí òpin rẹ̀?

Mo pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Mo rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo ń retí kó búra. Kò búra. Ó kàn mí kanlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ti sú tipẹ́.

Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ wò yí ká. Ṣé kò sí ohunkóhun tó ń rìn níbẹ̀?"

Mo wò. Ìlà dúró. Màdáámù dúró. Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Rọ́bà gbọọrọ tí wọ́n ń kó báàgì lé nìkan ló ń rìn, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀, ó ń wọ inú ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù lọ.

"Rọ́bà tó ń gbé ẹrù ni, Àǹtí."

"Ẹ sọ fún un pé ó ti gbéra."

"Àǹtí, ẹrù ló wà fún."

"Ẹ ṣáà sọ fún un."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, mo ké pé, "Ẹ̀gbọ́n! Ó ti gbéra o!"

Ó yí orí. Ojú rẹ̀ bá rọ́bà tó ń rìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, orí rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀, ara ló ṣe é. Fìrì! Ó sáré tẹ̀ lé rọ́bà náà díẹ̀ bí àwọn kọ̀ńdọ́ ṣe máa ń ṣe, ó fọwọ́ kan di etí rẹ̀ mú, ó fò, gbàgà! Ó balẹ̀ láàárín àpótí ìyáàfin kan àti abọ́ tó kún fún bàtà, ó tẹ orí ba, aṣọ rọ́bà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ bò ó mọ́lẹ̀, ó di àwátì.

Màdáámù káwọ́ lérí.

Ẹni tó ń wo ojú ẹ̀rọ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, oorun sì ti ń kùn ún. Mo yọjú wo ohun tó ń wò. Egungun ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọjá lọ, egungun ìhà, egungun ọwọ́ tó nà sókè, agbárí tó lanu gbàgà, tó sì dájú pé ó ń pe èrò. Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

Ó ní, "Kò sí irin. Kò sí omi. Ẹ gbé èyí tó kàn wá."

Ẹ̀rín pa mí, mo di ògiri mú!

Ẹ̀gbọ́n mi yọ lódì kejì, eruku lórí, bàtà ẹni ẹlẹ́ni lọ́rùn. Kó tiẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Pá! Pá! Ó ní, "Máa gbé e lọ!"

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ nínú fóònù.

Ó ní, "Ó ti wọlé yẹn. Ẹ sáré máa bọ̀. Bí ẹ bá dénú bàálù, ẹ di bẹ́líìtì mọ́ ọn kó tó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn."