Màmúdù Fi Ayùn Gé Ṣúgà

Àwọn onílé àti àwọn ayálégbé àdúgbò kan ní Òkè-Àrò fẹ́ figagbága, wọ́n fẹ́ fa okùn láàárọ̀ Sátidé. Ẹgbẹ́ tí ó bá fìdí rẹmi ni yóò máa kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà títí òjò ọdún yìí yóò fi dá. Màmúdù káfíńtà ni àwọn ayálégbé gbójú lé. Lateefah, tíṣà bàọ́lọ́jì, ni kóòṣì wọn. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Lateefah wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bá Màmúdù tí ó ń fi ayùn gé hóró ṣúgà sí méjì-méjì, ẹnu rẹ̀ dì pinpin, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Màmúdù nawọ́ pé kí ó dúró. Ó gé ẹyọ kan sí i, ó wá tú èémí jáde bí táyà tó jò.

"Ohun tí o kọ́ mi lọ́jọ́bọ ni. Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé nínú ara, wọ́n á gé ṣúgà sí méjì kí agbára tó jáde?"

"Gúlúkóòsì ni mo pè é. Ọ̀kan tó ní kábọ́ọ̀nù mẹ́fà á di méjì oní-mẹ́ta-mẹ́ta."

"O sì ní iṣẹ́ náà gba ọwọ́ mẹ́wàá."

"Ìpele mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lèèyàn mẹ́wàá ń wá nídìí hóró ṣúgà kan? Èmi nìkan ti gé odidi páálí. Tí mo bá gbé e mì báyìí, ara mi ò níṣẹ́ kankan ṣe mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ara ń gé ò ṣeé fojú rí!"

"Ìyẹn ló jẹ́ kó máa pẹ́ wọn. Èmi rí tèmi kedere."

Lateefah di orí mú. "Ara fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gé e. Á kọ́kọ́ ná agbára méjì, á wá rí mẹ́rin."

"Èrè méjì péré? Lẹ́yìn ọwọ́ mẹ́wàá? Tíṣà, àwọn tó wà nínú rẹ ń rẹ́ ọ jẹ!"

Ó tún fọwọ́ di imú.

"Kí ló tún ṣe imú?"

Ó tú u sílẹ̀. "O ní gígé náà ò nílò afẹ́fẹ́. Láti aago méje ni mo ti ń ṣọ́ èémí lò."

"Gígé yẹn ni ò nílò afẹ́fẹ́, ẹ̀yin nílò ẹ̀! Tí afẹ́fẹ́ ò bá tó, ohun tí wọ́n gé á di ásíìdì, á sì rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí ná." Màmúdù jókòó.

Fèrè dún níta. Lateefah fà á lápá.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Bàtà funfun kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò lè fi wọ gọ́tà. Okùn dà? Ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀."

Màmúdù rẹ́rìn-ín, ó nàka sábẹ́ bẹ́ńṣì. Okùn méjì wà níbẹ̀, wọ́n gùn dọ́gba, ẹnu ibi tí ayùn gbà mọ́ tónítóní.

"Mo ti bá a yọ agbára ẹ̀ jáde. Ìdajì tiwa, ìdajì tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n kí n tó gé e."

Lateefah wo okùn, ó wo bàtà rẹ̀. Fèrè tún dún. Ó mú ìdajì ṣúgà kan lórí bẹ́ńṣì, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un wómúwómú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú tépù yín dání."

"Kí la fẹ́ wọ̀n?"

"Gọ́tà. Ìdajì tiwa, ìdajì tiwọn."