Bí Dókítà Oníyìídé Ṣe Ṣẹ́gun Ẹ̀yìn Ìwé

Ẹ yà fún un! Dókítà Ìbídùn Oníyìídé ló ń bọ̀, ọmọ káfíńtà tí í na ìṣó tó wọ́ kó tó tún un kàn, ọmọ ìyá tí í fọ ọ̀rá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó gbà pé ó ti gbó, akọni tó dá dúró níwájú àwọn àgbà Ẹ̀ka Ìkọ́lé ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe wa, tó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ bí èèyàn ṣe ń kọ́lé lónìí láìba ayé ọ̀la jẹ́. Wọ́n gbà fún un, àmọ́ sáà kan péré ni. Bí iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó yan ẹ̀kọ́ náà kò bá wọlé, wọn yóò fagi lé ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ yóò sì lo ọdún kan sí i.

Obìnrin yìí wá pàṣẹ pé ojú méjèèjì ìwé ni kí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà sí. Háà! Ẹ ò mọ ohun tó fọwọ́ kàn. Láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tó sì ń ṣọ́ àṣà yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́, ọ̀gá ìdánwò, òkè tí kò ṣeé fò, afàtàǹpàkò-wọn-ìmọ̀, tí í fi ìka méjì di iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú: bó bá nípọn, ó gbà á, bó bá fẹ́lẹ́, ó dá a padà láìkà á. Ó dá tèmi padà lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán búlọ́ọ̀kù ni mo lọ fi kún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí gbígba iṣẹ́ máa parí, ó ku wákàtí kan, akíkanjú wa kó iṣẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wọ ọ́fíìsì Sàlàkọ́. Sàlàkọ́ fi ìka méjì tẹ àkọ́kọ́ wò, ó ní ó fẹ́lẹ́. Ó tẹ ìkejì, bákan náà. Ó ṣí ìkẹta, ó rí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwé, ó ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, kí wọ́n lọ tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Kò sì sí àkókò mọ́. Dókítà fa àga, ó jókòó.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi ka ojú ewé kìn-ín-ní, sà.”

Sàlàkọ́ kà á, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá: “Ìdí tí ọ́fíìsì ọ̀gá ìdánwò fi ń gbóná bí ààrò ni pé…” Ìwé tán. Ó wo Dókítà. Dókítà wo àjà. Ọwọ́ ńlá tó ti dá ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ padà gbéra, ẹ̀yin èèyàn mi, ó sì ṣí ìwé sí ẹ̀yìn! Ibẹ̀ ló ti rí i pé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí òun tò jọ ló dí fèrèsé méjèèjì. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo fèrèsé, ó gbé kálàmù, ó sì buwọ́ lu iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n.

Ní ọjọ́ Ajé, ìkéde ńlá láti ọ̀dọ̀ Sàlàkọ́ ti wà lára gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ̀dà ogójì, ojú kan ṣoṣo: LÁTI ÒNÍ LỌ, ÌWÉ TI NÍ Ẹ̀YÌN. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Dókítà Oníyìídé já gbogbo wọn kúrò, ó sì tẹ ìbéèrè ìdánwò sí ẹ̀yìn wọn.